Ẹ Ń Lọ Sílé Ní Oṣù Kejìlá? Bí Ẹ Ṣe Máa Dènà Ibà àti Ìgbẹ́ Gbuuru, àti Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Bí Wọ́n Bá Dé

Láti oṣù Kẹwàá ni ìbéèrè yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá mi nílé. Ṣé dandan ni ká lo òògùn ibà? Ìbàdàn kúkú ni wọ́n bí mi sí." Dandan ni. Ẹ̀yin náà, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan.

Ẹ̀yin tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń lọ sí Nàìjíríà fún Kérésì, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ni mo kọ èyí fún. Bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ọ̀rọ̀ ibà àti oúnjẹ kò yàtọ̀. Ibi tí ẹ ó ti gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀ ló yàtọ̀.

Èmi fúnra mi ti fojú winá ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò nílé fún ìsìnkú bàbá bàbá mi. N kò lo òògùn kankan. Mo ní ẹ̀fọn Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan kan. Ọjọ́ kọkànlá tí mo padà dé, òtútù mú mi lórí ibùsùn débi pé eyín mi ń gbára wọn, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lórí mi. Mo fóònù ilé ìwòsàn, mo ní ọ̀fìnkìn ni. Ẹni tó gbé fóònù kò bi mí bóyá mo ti ìrìn àjò dé, èmi náà kò sì sọ. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó mi ṣí wíńdò, ó wo ojú mi, ó ní funfun ojú mi ti di yẹ́lò. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

## Kí ló dé tí ibà ilé fi ń mú ọmọ ilé?

Ẹni tó ń gbé nílé, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ léraléra, ara rẹ̀ sì ń kọ́ bí a ṣe ń bá kòkòrò ibà jà díẹ̀díẹ̀. Ibà ṣì lè mú un, àmọ́ kì í sábà dá a gúnlẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, tí ẹ̀fọn kò jẹ yín mọ́, agbára yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òyìnbó lójú ibà. Ọmọ tí ẹ bí sí Peckham kò ní agbára ọ̀hún rárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Plasmodium falciparum ni irú kòkòrò ibà tó pọ̀ jù nílé wa, òun náà ló sì ń pani jù. Púpọ̀ nínú ibà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá, àwọn tó lọ kí ẹbí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé e wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé AS ni ẹ̀jẹ̀ àwọn. Òótọ́ ni pé AS máa ń dín bí ibà ṣe le kù, àmọ́ kò ní kí ibà má mú yín. Ẹni tó jẹ́ SS ńkọ́? Ewu tirẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú láìtíì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

## Kí ẹ tó kúrò: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú

1. Ẹ pe GP yín (dókítà àdúgbò) tàbí kẹ́mísì tó ń tọ́jú arìnrìn-àjò. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan péré náà, ẹ ṣì lọ. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín kì í tán.

2. Ẹ wá yẹ́lò káàdì yín, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever, àrùn kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Láti ọdún 2016, káàdì yìí ti di ti títí ayé, èyí tí ẹ gbà tipẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà á rí, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti ń gún un, ẹ ó sì sanwó. Ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó múlẹ̀. Ẹni tó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ ní ọmú, àti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ara wọn fún nọ́ọ̀sì, torí abẹ́rẹ́ náà lè ṣe wọ́n léṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì.

3. Ẹ béèrè àwọn abẹ́rẹ́ tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fún arìnrìn-àjò lọ́fẹ̀ẹ́: táífọ́ọ̀dù, hepatitis A, àti èyí tó pa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ti táífọ́ọ̀dù máa ń lo ọdún mẹ́ta. Ẹ wo ìgbà tí ẹ gbà á kẹ́yìn.

4. Ẹ ra òògùn tó ń dènà ibà níbí, kí ẹ tó lọ. NHS kì í san owó rẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní kẹ́mísì méjì tàbí mẹ́ta, ìyàtọ̀ máa ń wà gan-an, pàápàá bí ẹ bá ń rà á fún ènìyàn márùn-ún.

5. Ẹ ra inṣọ́ránsì ìrìn àjò. Káàdì GHIC tí ẹ fi ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù ní Sípéènì kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ ń rà á. Bí ẹ bá fi pamọ́, wọn kò ní sanwó lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

6. Ẹ kó òògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e. Ínsúlínì kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tó ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ó lè dì. Ẹ má sì gbé omi ikọ́ tó ní codeine. Nàìjíríà ti fòfin dè é láti 2018.

## Èwo nínú òògùn ibà ni kí n lò?

Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ń lọ sí Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí apòògùn bá yín yàn án, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà níwájú yín.

Atovaquone pẹ̀lú proguanil, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Malarone. Ojoojúmọ́ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí wàrà, kí ẹ sì fi ọjọ́ méje kún un lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò ní Nàìjíríà. Òun ló máa ń bá ẹni tó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì lára mu jù. Ti ọmọdé wà, ìwọ̀n kílò ara ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye rẹ̀. Òun ni mo fi ń kó àwọn ọmọ tèmi lọ.

Doxycycline. Ojoojúmọ́ ni òun náà, owó rẹ̀ kì í sì sábà pọ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ ó fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Kì í ṣe fún aláboyún, kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ẹ fi omi tó pọ̀ gbé e mì, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má bàa ta yín lọ́nà ọ̀fun. Oòrùn lè tètè jó yín lára bí ẹ bá ń lò ó.

Mefloquine. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un lẹ́yìn náà. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àrùn ọpọlọ rí, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó máa ń fún àwọn kan ní àlá burúkú.

Aláboyún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀ jù. Ibà lè pa oyún, ó sì lè pa ìyá. Bí ìrìn àjò náà bá ṣe é sún síwájú, ẹ sún un. Bí kò bá ṣe é sún, dókítà ni kó yan òògùn.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí:

- Òògùn Sunday-Sunday. Àwọn àgbà á sọ fún yín pé Daraprim ni àwọn ń lò lọ́jọ́ Àìkú nígbà èwe wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ti borí rẹ̀ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni chloroquine.
- Dídá òògùn dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Kòkòrò tó wọ ara yín ní alẹ́ tí ẹ fẹ́ kúrò, inú ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń fara pamọ́ sí. Òògùn ọjọ́ mélòó kan tó kù yẹn ló wà fún un.
- Pípín òògùn àgbà fún ọmọ. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.
- Àgbo. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbo ìyá mi, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò èyí. Bí ẹ bá máa mu ún, ẹ jẹ́ kí apòògùn mọ̀.

## Kí ẹ̀fọn má rí yín jẹ

Kò sí òògùn tó ń dènà ibà tán pátápátá, torí náà awọ ara yín ni iṣẹ́ kejì. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí.

1. Bí ó bá ti ń lọ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn. Bí ẹ bá wà ní òde ayẹyẹ, ẹ rántí ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo ara lè wà nínú léèsì àti gèlè, kí ẹ̀fọn máa jẹ ọrùn ẹsẹ̀ yín lábẹ́ tábìlì níbi tí iná kò dé.
2. Ẹ fi ìpara tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún pa gbogbo ibi tí aṣọ kò bò. Ọmọ tó ti lé ní oṣù méjì lè lò ó, aláboyún náà lè lò ó. Bí ẹ bá ń lo ìpara oòrùn, òun ni kó ṣáájú. Ẹ má fi sí ọmọdé lọ́wọ́, ó máa fi sẹ́nu.
3. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn dání láti ibí. Ẹ wò ó bóyá ó ní ihò, ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Nẹ́ẹ̀tì ojú wíńdò ilé bàbá yín ti lè ya láti ọdún tó kọjá.
4. Ẹ fín yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kí ẹ jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ kí ọmọ tó wọlé.

Ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni ẹ ní láti ṣọ́ra jù. Fáànù á dúró, ooru á mú, gbogbo ilé á jáde lọ jókòó sí fàráǹdà. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ìpara kun ara ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

## Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru

Oúnjẹ tó ń gbóná fẹlifẹli látorí iná kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Èyí tó ti tutù ni ẹ bẹ̀rù: ìrẹsì òde tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀, sàláàdì, èso tí wọ́n ti bó tà lójú títì. Ẹ bó èso yín fúnra yín.

Omi: ẹ mu omi inú ìgò tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, tàbí èyí tí ẹ sè. Píọ̀wọ́tà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ nu ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó fi eyín ya á. Omi dídì tí wọ́n ń fọ́ sínú ohun mímu lóde ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ fi omi mímọ́ fọ eyín.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, omi tó ń jáde lára ni ìṣòro, òun sì ni ẹ ó dá padà. Ẹ gbé páálí ORS dání, ìyẹn èròjà oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Bí kò bá sí, ẹ po tiyín:

1. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.
2. Ẹ wọn omi mímọ́ lítà kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá píọ̀wọ́tà jẹ́ 50cl, nítorí náà méjì ló máa jẹ́ lítà kan. Ẹ wò ó lára ọ̀rá kí ó dá yín lójú.
3. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i. Ẹ jẹ́ kí ojú ṣúgà inú ṣíbí náà tẹ́ dọ́gba, kó má gara.
4. Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
5. Ẹ rò ó, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.
6. Ẹ máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú.
7. Bí ó bá ti lo wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ da èyí tó kù nù.

Ẹ má fún ọmọdé ní loperamide, òògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Àgbà náà kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ara bá gbóná. Ẹ má sì sáré lọ ra Flagyl.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù bí:

- ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́
- kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ
- ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tó ń sunkún láìsí omijé
- ó bá ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ jí
- kò bá lè mu ohunkóhun kó dúró

## Bí ara bá gbóná nígbà tí ẹ ṣì wà nílé

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo òògùn. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún lọ. Lọ́jọ́ kan náà ni, kì í ṣe lẹ́yìn òde ọjọ́ Sátidé.

Bí ó bá jẹ́ ibà, tí kò sì tíì le, artemether pẹ̀lú lumefantrine ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Coartem jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó: èkejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́. Àgbà tó wọn kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀ gbé e, torí kì í wọ ara dáadáa lórí òfo. Ẹ lò ó tán, bí ara bá tilẹ̀ ti yá lọ́jọ́ kejì.

Inú ilé ìtajà òògùn gidi tí apòògùn wà ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Bí ibi tí wọ́n ń ha bá wà lára páálí, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n á fèsì bóyá ojúlówó ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: bí wọ́n bá ní "malaria àti typhoid" ló ń ṣe yín, ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Widal ni ọ̀pọ̀ máa ń lò fún táífọ́ọ̀dù, kò sì ṣe é gbára lé. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù lóṣù tó kọjá lè yọ níbẹ̀ bí ẹni tó ní àrùn náà. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ láti wo kòkòrò tó máa hù. Dírípù torí pé ó rẹ̀ yín kò sì pọn dandan bí ẹ bá lè mu omi.

Kí ẹ má dúró rárá, ọsibítù ńlá ni, bí gìrì bá mú ọmọ, bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ, bí ojú bá di yẹ́lò, bí mímí bá ń ni ín lára, bí ìtọ̀ bá dúdú, tàbí bí ó bá ń bì òògùn jáde. Abẹ́rẹ́ artesunate ló yẹ kí wọ́n fún un níbẹ̀.

## Àìsàn méjì tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tó ń pani

Ibà Lásà. Eku ló ń gbé e kiri, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá ìhà Ọ̀wọ̀, àti Ẹdó ló ti wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ bo oúnjẹ, ẹ má mu gààrí tí ẹ kò mọ ibi tí wọ́n sá a sí, ẹ má fọwọ́ kan eku.

Kí ajá géni jẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà. Bí àìsàn náà bá ti fara hàn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà.

## Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé

1. Ẹ lo òògùn ibà tó kù tán: ọjọ́ méje fún atovaquone pẹ̀lú proguanil, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún àwọn méjì yòókù.
2. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín ọdún kan, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà NHS, tàbí kí ẹ lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, lọ́jọ́ náà. Ibà lè dà bí ọ̀fìnkìn, ó sì lè bá inú rírun wá.
3. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ kí ẹ tó sọ ohunkóhun ni pé: "Nàìjíríà ni mo ti dé. Ara mi gbóná. Mo fẹ́ àyẹ̀wò ibà lónìí." Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá bi yín. Èmi dúró, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe rí.
4. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò bá rí nǹkan kan, tí ara ṣì ń gbóná, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó.
5. Ẹ má fi Coartem tí ẹ gbé ti Nàìjíríà bọ̀ tọ́jú ara yín ní kọ̀rọ̀. Ó lè dá ara dúró díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ibà tó le pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ padà dé sí bébà kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ẹ má sì yọ ọ́ títí ọdún á fi yípo. Bí ara ọmọ bá gbóná ní oṣù Kejì, tó jẹ́ pé ẹ wà níbi iṣẹ́, ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ á rí i níbẹ̀, á sì mọ ohun tó máa sọ fún dókítà.